Bí mo ṣe se hutspot Leiden láìfi ẹran, wàrà tàbí bọ́tà sí i

Ní Leiden, ní Họ́láńdì, tó bá ti di ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, hutspot, ìyẹn ọ̀dùnkún òyìnbó, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà tí wọ́n sè tí wọ́n sì gún pọ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń sè. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì ló ká ìlú náà mọ́ tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ará ìlú tán, kí ogun náà tó sá lọ lọ́dún 1574. Ìtàn wọn ni pé ọmọdékùnrin kan, Cornelis Joppensz, yọjú sí ibùdó ogun tó ti dá páropáro, ló bá rí ìkòkò oúnjẹ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n ní òun ni ṣì wà ní Museum De Lakenhal, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Leiden. Ọ̀dùnkún òyìnbó ò tíì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn. Pastinaak, gbòǹgbò funfun kan tó jọ kárọ́ọ̀tì, ni wọ́n ń jẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í fẹnu kan ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá ni mo sè é fún. Ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà ò ní wàhálà. Klapstuk ni iṣẹ́ wà, ẹran màlúù tí wọ́n máa ń fi iná jẹ́jẹ́ sè fún wákàtí mélòó kan. Àwọn kan á kàn yọ ẹran náà kúrò, wọ́n á ní àwọn ti ṣe tán. Oúnjẹ bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ́, adùn kárọ́ọ̀tì á sì pọ̀ jù, torí omi ẹran yẹn ló ń gba adùn náà mọ́ra. Ìdí nìyí tí mo fi kó gbogbo agbára mi sórí ọbẹ̀.

Àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta ni mo rẹ́ sínú òróró, mo dín iná kù, mo ń rò ó títí ó fi pọ́n. Ó tó ìṣẹ́jú 25, kò sì sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo yan olú 300 gíráàmù lọ́tọ̀ nínú páànù gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ kó tó kan òróró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe ló máa bọ̀. Mo da méjèèjì pọ̀, mo fi ìyẹ̀fun ṣíbí kan sí i, tòmátò inú agolo ṣíbí kan, sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí méjì, bay leaf méjì àti hóró kánáfùrù mẹ́ta. Mẹ́ta péré o! Inú hachee, ọbẹ̀ ẹran alálùbọ́sà wọn, ni mo ti jí kánáfùrù yẹn. Ìgbẹ̀yìn ni mo ta fínígà díẹ̀ sí i, òun ló sì gba adùn kárọ́ọ̀tì mú.

Ó wá kan hutspot fúnra rẹ̀: ọ̀dùnkún òyìnbó kílò kan, kárọ́ọ̀tì ńlá kílò kan, àlùbọ́sà mẹ́rin. Ọ̀dùnkún inú àpò tí wọ́n kọ “kruimig” sí ni kí ẹ rà, òun ló máa ń fọ́ dáadáa. Kárọ́ọ̀tì ló wà nísàlẹ̀ ìkòkò, torí kì í tètè rọ̀. Ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà wà lókè. Iyọ̀, omi tó dé ìdajì, ìdérí, ìṣẹ́jú 30. Ẹ má da omi rẹ̀ nù: òun ni mo fi ṣan ọbẹ̀ olú.

Mo wá gún ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà náà pẹ̀lú òróró, wàrà tí wọ́n fi ọkà oat ṣe (kì í ṣe ti màlúù) tí kò ní ṣúgà, ata dúdú àti mọ́sítáàdì ṣíbí kan. Kì í ṣe iyán o. Bí àṣáró ló yẹ kó rí, kí hóró kárọ́ọ̀tì ṣì máa hàn níbẹ̀. Ọwọ́ yún mi láti ju ata rodo sí i, mo kó ara mi níjàánu.

Tí ẹ bá ti bù ú sáwo, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí gbẹ́ kòtò sáàárín rẹ̀, kí ẹ da ọbẹ̀ sí i. Ó tó èèyàn mẹ́rin. Èyí tó ṣẹ́kù, ẹ dín in lọ́jọ́ kejì títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi gan. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.