Ìbọ̀sẹ̀ tí a fi wúùlù tó ti pẹ́ nílé hun: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni wọ́n ti ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní àpò Ghana-must-go kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wúùlù tó ṣẹ́kù lára fìlà àti súwẹ́tà ọmọ tuntun kún inú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó síbí.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo hun ìbọ̀sẹ̀ fún bàbá wa, ó wuyì gan-an, àmọ́ tí wọ́n bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó máa ń há sí gìgísẹ̀, kò ní lọ mọ́. Ṣé kí n tú gbogbo ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Má tíì tú nǹkan kan jọ̀ọ́. Fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹnu ìbọ̀sẹ̀ yẹn sọ́tùn-ún sósì. Tí ara ẹ̀ bá ń fẹ̀ dáadáa tí ẹnu nìkan wá le bí okùn tí wọ́n fi so àpò gààrí, ibi tó o ti gbé ojú (àwọn lúùpù wúùlù àkọ́kọ́) sórí abẹ́rẹ́ ló fún jù. Gé ojú kan ṣoṣo lábẹ́ ẹnu yẹn, máa fa òwú ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ yíká, bí àwọn ojú ṣe ń ṣí sílẹ̀ ni kó o máa fi abẹ́rẹ́ kó wọn, kó o wá fi abẹ́rẹ́ tó tóbi ju tàtẹ̀yìnwá lọ pa á dé, kó o má fa òwú le. Tó o bá fẹ́ hun òmíì, abẹ́rẹ́ ńlá yẹn náà ni kó o fi gbé ojú, kó o tó padà sí kékeré.

Àmọ́ tó bá jẹ́ gbogbo ara ẹ̀ ló fún, títú náà ni. Mo mọ̀ bó ṣe máa ń dunni, mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì hun ọ̀kan rí fún bàbá ọkọ mi, kò kọjá gìgísẹ̀ wọn, torí pé mi ò wọn nǹkan kan kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mú téèpù, wọn ẹsẹ̀ yíká níbi tó fẹ̀ jù. Ká ní ó jẹ́ ínǹṣì 9, ìbọ̀sẹ̀ fúnra ẹ̀ á kéré sí i, bí ínǹṣì 8, kó lè fà mọ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà fi wúùlù yẹn gan-an hun àyẹ̀wò kékeré bí àtẹ́lẹwọ́, kó o ka iye ojú tó wà nínú ínǹṣì 1. Tó bá jẹ́ 6, 6 lọ́nà 8, ojú 48 lo máa gbé nìyẹn. Wúùlù tín-ín-rín lè ní ojú 8 nínú ínǹṣì kan, ìyẹn ti di 64. Tó o bá wá gbé 48 sórí èyí tín-ín-rín torí pé 48 ni ọ̀rẹ́ ẹ gbé, ínǹṣì 6 péré lo máa rí, ẹsẹ̀ àgbàlagbà wo ló máa gba ibẹ̀?

Ìbéèrè: Ihò kan máa ń wà ní igun méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí mo ti kó ojú lẹ́yìn gìgísẹ̀.

Ìdáhùn: Gbogbo wa la máa ń rí i. Tó o bá hun gìgísẹ̀ ìlà 24, ojú 12 lo máa kó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan (ojú kan fún ìlà méjì), fi ọ̀kan tàbí méjì kún un ní igun yẹn gan-an, kó o wá hun àwọn àfikún yẹn láti ẹ̀yìn kí wọ́n lọ́ mọ́ra. Èyí tó o ti hun tán, fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti wúùlù kan náà rán an pa láti inú.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, láti Ṣágámù ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹsẹ̀ kan ti parí, wúùlù tán mọ́ mi lọ́wọ́ lórí ìkejì, mi ò sì rí àwọ̀ yẹn lọ́jà mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ tú ibi ìka ẹsẹ̀ èyí tó ti parí, ẹ fi wúùlù ibẹ̀ kún ìkejì, kẹ́ ẹ wá fi àwọ̀ míì parí ibi ìka méjèèjì, wọ́n á jọra wọn. Ṣebí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tiwa ni wọ́n ti ń hun aṣọ ìtàgbé aláràbarà, àwọ̀ tó yàtọ̀ kì í ṣe àbùkù rárá. Lọ́jọ́ míì ẹ gbé wúùlù sórí síkéèlì kẹ́ ẹ pín in sí méjì ọgbọọgba kẹ́ ẹ tó gbé ojú kankan, tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀ lọ sókè, ibi tí wúùlù bá tán sí, ibẹ̀ lẹ pa á dé.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ irú wúùlù tó jẹ́? Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ti já.

Ìdáhùn: Gé díẹ̀ bí ìka ọwọ́ kan, fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń fa irun mú un lórí abọ́ omi, kó o ṣáná sí i. Tó bá ń rùn bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n ń fi iná jó, tí eérú ẹ̀ sì ń rún lọ́wọ́, irun àgùntàn gidi ni, má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ o, á sún kì. Tó bá ń rùn bí bébà tó ń jó, òwú tí wọ́n ń kórè lóko (kọ́tìnì) ni, ó máa ń gba òógùn dáadáa àmọ́ kì í fà padà, ìdí nìyí tí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ fi máa ń yọ̀ wálẹ̀. Èyí tó bá yọ́ tó wá dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú líle, akírílíìkì ni, ìyẹn wúùlù àtọwọ́dá tó dà bí ike, èyí tó pọ̀ jù nínú àpò wa nìyẹn. Ó lágbára, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, àmọ́ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án, á rọ jọ̀wọ̀lọ̀ ni, kò sì ní padà sípò mọ́ láéláé.

Ìbéèrè: Gìgísẹ̀ ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já.

Ìdáhùn: Fi òwú ìránṣọ náílọ́ọ̀nù mọ́ wúùlù, kó o jọ hun wọ́n pọ̀ níbẹ̀ nìkan, kó o sì lo abẹ́rẹ́ tó kéré sí i kó lè ki. Èyí tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn títí di òní.