Bí mo ṣe fi kọ́ọ̀kì ìgò 1,250 ṣe aṣọ ara ògiri

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn Ojúde Ọba, nígbà tí kọ́ọ̀kì ọtí àti mínírà kún gbogbo ibi tí àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ti ṣe fàájì. Aṣọ gígùn mítà 2, ìbú mítà 1, ni mo fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri, kó sì rọ̀ bí agbádá. Rírọ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Èyí tó bá le gbagidi, páànù ni, kì í ṣe aṣọ.

Kọ́ọ̀kì kan tí a lù pẹlẹbẹ fẹ̀ tó mílímítà 37. Tí a bá fi àlàfo mílímítà 3 sí i, 25 ló máa gba ìbú, 50 ní gígùn. Mo ṣa 1,600, torí èyí tí wọ́n fi ìdí ìgò mìíràn ṣí máa ń ká láàárín, òòlù kì í sì í tún un ṣe tán.

Mo rẹ wọ́n sínú omi ọṣẹ mọ́jú, nítorí ṣúgà tó bá kù lára wọn ń pe èèrà. Omi gbígbóná ló tẹ̀lé e, kí rọ́bà inú wọn lè rọ̀, mo wá fi ẹnu sukudiráfà yọ ọ́. Ẹ má fi rọ́bà yẹn sílẹ̀ o: ńṣe ló máa ń ta òòlù padà.

Eyín 21 ló yí kọ́ọ̀kì ká. Mo da ojú rẹ̀ dé orí irin pẹlẹbẹ, bébà àpò sìmẹ́ǹtì lábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀dà má bàa họ, mo ń rọra lu eyín yípo kó máa ṣí síta, kí n tó lu gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára lu ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú, eyín ibẹ̀ á ká wọnú.

Ihò mẹ́rin ni: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, mílímítà 3 sí etí. Tó bá sún mọ́ etí jù, ó máa ya. Orí kùkùté igi ni mo ti fi ìṣó lu ú, láti ojú sí ẹ̀yìn. Ẹnu ihò tó yọ sẹ́yìn máa ń gé wáyà bíi bíléèdì, nítorí náà mo lù ú mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wé kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ni mo ti ra wáyà bàbà àlòkù, mílímítà 0.8. Ẹ má sun ún níná. Ọ̀dà tó bò ó ni kì í jẹ́ kí bàbà fara kan irin. Bí méjèèjì bá kanra nínú ọ̀rinrin, irin á tètè dípẹtà. Ojú ìsopọ̀ jẹ́ 2,425, sẹ̀ǹtímítà 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: bíi mítà 146, kò sì tó kílò kan.

Ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́, mo lọ́ wáyà mọ́ra pinpin. Mo gbé e dìde, ó dúró ṣánṣán bí ilẹ̀kùn. Kọ́ọ̀kì kì í tẹ̀. Inú àlàfo ni aṣọ yìí ti ń ká. Mo gé gbogbo rẹ̀ dànù. Láti ìgbà náà, mo ń ki ìṣó onínṣì méjì sáàárín kọ́ọ̀kì méjì, mo lọ́ wáyà lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fa ìṣó yọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ikùn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wò: tó bá lẹ̀ mọ́ ọn yípo, ó ti dára.

Bí aṣọ òkè ni mo ṣe é, fọ́nrán márùn-ún, kọ́ọ̀kì 5 ní ìbú, 50 ní gígùn, kí n tó so wọ́n pọ̀. Pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, aláwọ̀ wúrà láàárín.

Gbogbo rẹ̀ wọn bíi kílò 3 ààbọ̀. Ẹni tó bá fi ibi mẹ́ta péré kọ́ ọ, ihò ibẹ̀ á ya. Gbogbo kọ́ọ̀kì 25 tòkè ni mo fi wáyà onílọ́po méjì so mọ́ ọ̀pá irin. Sẹ̀ǹtímítà 80 ni ọ̀pá náà, kò tó ìbú aṣọ: fífún tí mo fún un mọ́ra ló mú ìṣẹ́po agbádá jáde.

Ìta gbangba kò gbà á. Irin ni kọ́ọ̀kì bíà, mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà tó ti bàjẹ́ á gbé e. Ìdérí ọtí líle tí wọ́n ń fọwọ́ yí, irú èyí tí El Anatsui, ọmọ Gánà tó kọ́ni ní yunifásítì Nsukka, fi ṣe àwọn aṣọ ńlá rẹ̀, álúmíníọ̀mù ni, kì í dípẹtà bí irin. Tèmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Síbẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun fánííṣì sí ẹnu ihò gbogbo, 5,000, nítorí òjò oṣù kẹfà.