Bí mo ṣe wọn BP màmá mi nílé fún ọjọ́ méje

172/98 ni BP, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, màmá mi lọ́jọ́ tí mo gbé wọn láti Òfà lọ bá dókítà ọkàn ní Ìlọrin. Màmá mi ní nǹkan kan kò ṣe àwọn. Dókítà ní ibi tí ewu rẹ̀ wà gan-an nìyẹn: láti 1948 ni àwọn oníwádìí ti ń tẹ̀ lé àwọn ará Framingham ní Amẹ́ríkà, 5,209 èèyàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ara wọn ni wọ́n sì ti rí i gbangba pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ro èèyàn lára lè di àìsàn ọkàn. Ó wá ní kí n máa wọ̀n ọ́n nílé fún ọjọ́ méje, láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín.

Mo ra máṣíìnì. Ọjọ́ kìíní, 169/97. Àyà mi já. Àṣé aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ló kéré: apá tí kò ju 32 sẹ̀ǹtímítà lọ ni wọ́n ṣe é fún. Mo fi téèpù télọ̀ wọn apá màmá mi, ó jẹ́ 36. Bí aṣọ yẹn bá há, iye tó máa gbé jáde á ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lọ ra èyí tó tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wọn apá kí ẹ tó náwó.

Kí n tó tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á ti lọ tọ̀, wọ́n á fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, apá á wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Obì kò gbọdọ̀ kàn wọ́n lẹ́nu ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. A ó wá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìdákẹ́ yẹn ló nira jù. Ojúde là ń jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó ń lọ sọ́jà Owódé tí kì í kí màmá mi.

“Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dáhùn.”

“Kí wọ́n kí mi kí n má jẹ́? Wọ́n á ní mò ń bá àwọn jà.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo gbé àga wọ yàrá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mò ń bá wọn dáhùn.

Nígbà tó pé ọjọ́ méje, mo yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò bí dókítà ṣe wí, mo ro ìyókù pọ̀, mo pín in: 146/88. Ààlà fún BP tí a bá wọ̀n nílé ni 135/85, ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ga, àmọ́ kò tó 172 yẹn. Ìwọ̀n oògùn kan ṣoṣo ni dókítà fi kún.

Lálẹ́ àná, kí n tó gbé máṣíìnì dé, màmá mi ti wà lórí àga, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, awo obì sì ti wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù.