Bí mo ṣe gba owó TAG fún ọmọ mi lẹ́yìn tí wọ́n ní a kì í ṣe ará Virginia

Nígbà tí bíìlì iléèwé ọmọ mi dé lóṣù kẹjọ ọdún 2023, 5,000 dọ́là ló fi ju ohun tí a ti ṣírò lọ. Mo rò pé wọ́n ṣì í kọ ni. Wọn ò ṣì í kọ. Owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ Virginia máa ń fún ọmọ ìpínlẹ̀ tó bá wọ yunifásítì aládàáni, èyí tí wọ́n ń pè ní TAG, ni wọ́n yọ kúrò. Ìdí tí wọ́n kọ sí i ni pé ọmọ náà kì í ṣe olùgbé Virginia. Ọmọ tó jáde girama ní Woodbridge, ní Virginia níbí, lóṣù kẹfà! Èmi tí mo ti ń san owó ilé níbẹ̀ láti 2021!

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí owó yìí jẹ́ ná, torí ọ̀pọ̀ wa ní agbègbè yìí ni kò mọ̀ pé ó wà. Láti 1972 ni òfin rẹ̀ ti wà. Kì í ṣe owó yíyá, ẹnikẹ́ni ò ní wá béèrè rẹ̀ padà. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kò wo iye tó ń wọlé fún òbí. Àwa nọ́ọ̀sì tí ófátáìmù ti sọ di olówó lójú ìjọba, tí ọmọ wa kì í rí kọ́bọ̀ gbà nínú Pell, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó púpọ̀, a lè rí èyí gbà. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí iléèwé jẹ́ aládàáni tí kì í ṣe ti èrè, kó sì wà ní Virginia; kí ọmọ máa ka kírẹ́díìtì 12 ó kéré tán ní sáà kan; kó má jẹ́ ẹ̀kọ́ ìsìn tí wọ́n fi ń di pásítọ̀ ló ń kọ́; kí ìdílé sì ti jẹ́ olùgbé Virginia fún ọdún kan gbáko kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, 5,000 dọ́là ni fún ọmọ tó ń lọ sí kíláàsì lójúkojú. Ti ẹni tó ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kéré sí i.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó iléèwé ti ìjọba àpapọ̀, níbí, gbogbo yín lẹ ti ṣe é rí, kò sì pọn dandan fún TAG. Fọ́ọ̀mù TAG fúnra rẹ̀ kò le. Iléèwé ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ìjọba, lọ́dún tiwa, 2023, kò sì gbọdọ̀ kọjá July 31. Tiwa ti wọlé láti oṣù karùn-ún.

Ibi tí wàhálà ti wá rèé. Torí pé ọmọ mi kò tíì pé ọmọ ọdún 24, tí èmi sì ni mò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ (bàbá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn), ibi tí èmi ń gbé ni òfin kà sí ibi tí òun náà ń gbé. Mo pe ọ́fíìsì iléèwé náà. Ọmọkùnrin kan gbé e. Ó ní W-2 mi, ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye owó oṣù àti owó orí tí wọ́n yọ lọ́dún, ló fa ọ̀rọ̀: àpótí 15, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sí, MD ló wà níbẹ̀. Ó ní Maryland ni mò ń san owó orí fún, nítorí náà ará Maryland ni mí.

Òótọ́ ni, ilé ìwòsàn kan ní Maryland ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Afárá Woodrow Wilson ni mò ń gbà lọ, òun náà ni mò ń gbà bọ̀, ẹni tó bá ti há sínú gosíló ibẹ̀ láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn wà láàárín Virginia àti Maryland. Ẹni tó bá ń gbé ìhín tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ìhín nìkan ló máa san owó orí owó oṣù rẹ̀ fún. Ọ̀sẹ̀ tí mo kó dé Woodbridge ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù MW507 fún àwọn tó ń san owó oṣù wa, pé kí wọ́n má yọ ti Maryland mọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n sì ń yọ ọ́ lọ. Lọ́dọọdún ni mò ń kọ fọ́ọ̀mù 505 sí Maryland kí wọ́n dá owó mi padà, tí mò ń kọ 760 sí Virginia bíi gbogbo olùgbé ibẹ̀, tí mo sì ń san ohun tó yẹ. Gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin náà títí ẹnu fi bó mi. Ó ní, "Mà, ohun tí mo rí lórí W-2 ni MD."

Mo pè padà. Ẹlòmíràn gbé e, ó béèrè káàdì ìdìbò mi. Mo ní gíríìnkáàdì ni mo ní, mi ò lè dìbò. Ó dákẹ́ lọ bí ẹni pé mo jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Òfin gbà pé kí ẹni tó ní gíríìnkáàdì jẹ́ olùgbé, ìdìbò kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò ni. Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí a dé yìí: bí wọ́n bá bi yín ní DMV, ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, tí ẹ kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rárá ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ má torí 5,000 dọ́là ba ìwé yín jẹ́.

Bùọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bá èèyàn ṣe ìwé owó orí. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá a lẹ́yìn ìsìn.

"Sístà, àwọn wọ̀nyí ò mọ òfin yẹn ni. Ẹ má bá wọn jà lórí fóònù mọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Bùọ̀dá, ṣé mo fẹ́ wá di lọ́yà lórí owó iléèwé ni?"

"Ẹ dì í o. 5,000 kì í ṣe owó gúgúrú."

Bí mo ṣe di lọ́yà nìyẹn. Ìwé tí wọ́n fi kọ̀ wá kò sọ pé ẹnikẹ́ni lè pẹjọ́. Lórí ojú òpó SCHEV, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iléèwé gíga, ni mo ti rí i pé iléèwé gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, pé bí wọ́n bá tún kọ̀, àwọn mìíràn ní iléèwé á ṣe àyẹ̀wò àṣekágbá, lẹ́yìn ìyẹn èèyàn lè gba kóòtù lọ. Mo kọ lẹ́tà olójú ìwé kan. Mo fi ẹ̀dà MW507 tó ní déètì ọdún 2021 sí i, fọ́ọ̀mù 505, fọ́ọ̀mù 760, àdéhùn ilé, láísẹ́ǹsì ìwakọ̀. Mo tẹ ojú ìwé tí ẹ̀ka owó orí Virginia ti ṣàlàyé àdéhùn pẹ̀lú Maryland, mo fi yẹ́lò fa ìlà sí i. Mo wá fi rìsíìtì owó orí mọ́tò lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Owó orí mọ́tò yẹn! Ẹ̀yin tí ẹ ti Maryland wá mọ̀ pé kò sí nǹkan tó jọ ọ́ níbẹ̀. Prince William County, ìjọba ìbílẹ̀ wa, máa ń béèrè rẹ̀ lọ́dọọdún, mo sì máa ń ṣépè kí n tó san án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan fi nọ́ńbà Maryland sílẹ̀ lára mọ́tò wọn torí rẹ̀, wọ́n sì ń pè mí ní ọ̀dẹ̀. Ó dáa. Obìnrin tó tún ìwé wa wò sọ fún mi pé rìsíìtì yẹn àti 760 ni òun kọ́kọ́ gbà.

Wọ́n dá TAG padà sínú àkáùǹtì ọmọ mi, ìdajì fún sáà yìí, ìdajì fún sáà kejì. Bí kò bá kúrò ní iléèwé náà, kò ní kọ fọ́ọ̀mù mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, mi ò ní dúró kí wọ́n kọ̀ mí kí n tó kó ìwé jọ. Ọjọ́ tí mo bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni lẹ́tà àlàyé máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Maryland tàbí D.C. tí ẹ ń sùn ní Virginia, ẹ wo àpótí 15 yín lónìí. Ẹ sì máa fi ímeèlì bá wọn sọ̀rọ̀, torí kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi nípa gbogbo ohun tí a sọ lórí fóònù.

Owó ìtanràn tí iléèwé gbé lé wa lórí, torí pé bíìlì kò tíì pé ní gbogbo ìgbà tí àwọn ń yẹ ìwé wò, wọ́n ní àwọn ò lè yọ ọ́. Mo ti kọ lẹ́tà ìyẹn náà.