Bí Ọtí Tàbí Oògùn Olóró Bá Ti Di Bárakú: Àṣìṣe Tí Ẹbí Máa Ń Ṣe

"Ayé ló ń jẹ" lọ̀pọ̀ ẹbí máa ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí páragà tàbí tramadol (oògùn apàrora) ti di bárakú fún kì í sábà gbádùn rẹ̀ mọ́, torí pé ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú ọpọlọ fẹ́ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú un jẹ adùn rẹ̀. Dopamine, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló ń kọ́ ọpọlọ ní ohun tó yẹ kó tún wá lọ. Oúnjẹ máa ń mú un jáde níwọ̀nba. Oògùn olóró á tú u jáde yàà. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á dín ojúkò tó ń gba iṣẹ́ náà kù. Ìdí nìyẹn tí ife kan fi ń di mẹ́ta, tí oúnjẹ àti eré ọmọ kì í fi í dùn mọ́ ọn mọ́. Adùn ti tán, òǹgbẹ ló kù. Ẹ yé nà án. Ìrora àti ìtìjú wà lára ohun tó ń lé e padà sídìí ọtí.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni kí wọ́n ti ẹni tó ń mu ògógóró láràárọ̀ mọ́ yàrá kó lè jáwọ́ lójijì. Ọtí ti ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀, ọpọlọ náà sì ti ń sáré kó lè bá a dọ́gba. Bí ọtí bá dúró, eré yẹn kò dúró. Láàrin wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó. Gìrì lè gbé e kí wákàtí 48 tó pé. Láàrin ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ara rẹ̀ gbóná, kí iyè rẹ̀ dàrú. Ẹ̀mí èṣù kọ́ o, ó sì lè pa á. Ẹ gbé e lọ sí Aró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú bárakú. Bí gìrì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sáré lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Aba ní Abẹ́òkúta. Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń rọ ọpọlọ, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fítámì B1, torí àìtó rẹ̀ lè ba iyè jẹ́ títí láé.

Bó bá ti gba ìtọ́jú tán, ẹ má rán an gba ìdí páragà kọjá ní gárééjì Láfẹ́nwá. Rírí ìgò lásán ti tó láti ta dopamine sókè kí ọtí tó kan ẹnu. Ẹ yí ọ̀nà rẹ̀ padà, ẹ má fi owó púpọ̀ sí i lọ́wọ́, kí ẹnìkan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró ní 1954, ẹbí aláìsàn ló ń bá a gbé lábúlé nígbà ìtọ́jú.

Ẹni tó ti fi tramadol tàbí kodíìnì (oògùn tó jọ ọ́) sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọdọ̀ padà sí ìwọ̀n àtijọ́: ara kò gbà á mọ́, èémí lè dúró. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń hanrun lódì, tí ètè rẹ̀ dúdú, tí kò sì jí, ẹ má rọ mílíìkì tàbí epo pupa sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó lò fún dókítà.