Àwọn àṣìṣe tó ń já obìnrin kulẹ̀ nínú eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ìdíje àgbáyé

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, tí aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú kan, obìnrin 68 gbéra létí òkun Doha, lórílẹ̀-èdè Qatar, láti sá màrátọ́ọ̀nù ìdíje àgbáyé eré orí pápá. Torí oòrùn ni wọ́n ṣe gbé eré náà sóru. Oòrùn wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ooru ò bá a wọ̀. Ó ṣì lé ní 32°C, afẹ́fẹ́ sì kún fún ọ̀rinrin débi pé òógùn ò rí bí á ṣe gbẹ. Àwọn 28 ò parí eré náà. Àga onítáyà ni wọ́n fi gbé àwọn kan kúrò lójú pópó. Obìnrin mẹ́ta ló ṣojú Etiópíà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì já sílẹ̀ lọ́nà.

Ruth Chepngetich láti Kẹ́ńyà ló gba wúrà, pẹ̀lú wákàtí 2, ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú-àáyá 43. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, 2:17:08 ló fi sá irú eré yìí ní Dubai. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó: ẹni tó borí gbogbo wọn fi ìṣẹ́jú 15 lé díẹ̀ falẹ̀ ju bó ṣe lè sáré lọ. Látìgbà tí ìdíje àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki lọ́dún 1983, kò tíì sí obìnrin tó fi àkókò tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gba wúrà màrátọ́ọ̀nù. Nínú ìṣẹ́jú 15 yẹn ni ọgbọ́n eré yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ẹ má gbé àkókò ilé wá sójú ọ̀nà àjèjì

Àṣìṣe tó burú jù nìyí, òun ló sì ń bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ní London tàbí Berlin, wọ́n máa ń sanwó fún àwọn kan láti sáré ṣíwájú kí àwọn gbajúmọ̀ lè máa tẹ̀lé ìṣísẹ̀ wọn. Ojú ọjọ́ sì sábà máa ń tutù níbẹ̀, ọ̀nà sì tẹ́jú. Ìdíje àgbáyé ò ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí ẹ máa sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ti Doha tún wá jẹ́ ọ̀nà kìlómítà 7 tí wọ́n yí po lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ojú ibì kan náà, ooru kan náà.

Obìnrin tó ti sá 2:22 rí á ti ṣírò ìṣẹ́jú tó yẹ kó fi parí kìlómítà kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò nílé. Ìṣírò yẹn ló máa ṣe é léṣe. Òógùn nìkan kọ́ ló ń tu ara. Kí òógùn gbẹ lára ló ń tù ú. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún ọ̀rinrin, ṣe ló kàn máa ń ṣàn sílẹ̀, inú ara ò sì ní yé gbóná. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sínú iṣan ẹsẹ̀ á tún máa sáré lọ sí awọ ara láti lọ gbé ooru dànù. Ọkàn á wá máa lù kíkankíkan lórí eré tí kò le fún un tẹ́lẹ̀. Aago ọwọ́ ò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò ni bí èémí ṣe ń lọ àti bí ọkàn ṣe ń lù. Ní kìlómítà 10 àkọ́kọ́, tí kò bá ṣe yín bíi pé ẹ ń fi ìjánu fa ara yín sẹ́yìn, eré yẹn ti pọ̀ jù.

Ẹ wo àwọn tó dúró dé òpin ní Doha. Rose Chelimo tó ń sáré fún Bahrain gba fàdákà. Helalia Johannes ọmọ Nàmíbíà, ẹni ọdún 39, gba idẹ pẹ̀lú 2:34:15. Edna Kiplagat, tí òun náà jẹ́ ẹni ọdún 39, ló ṣe ipò kẹrin. Roberta Groner, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà tó ti pé ọdún 41, ló ṣe ipò kẹfà. Nínú mẹ́fà àkọ́kọ́, mẹ́ta ti sún mọ́ ogójì ọdún tàbí kí wọ́n ti kọjá rẹ̀. Ní tèmi, èyí ò ṣèèṣì. Ẹni tó ti sáré pẹ́ ti mọ ìgbà tí ara ń parọ́ fún un.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń sá ti ìlú Èkó ní oṣù Kejì, láti Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ìdájí máa ń tan èèyàn jẹ. Tí ẹ bá ti ná gbogbo agbára yín tán kí ẹ tó gun afárá Third Mainland, oòrùn á là bá yín níbẹ̀, kò sì sí ibòji lórí afárá.

Ẹ má dé ìlú ooru ní ọjọ́ méjì ṣáájú eré

Ara nílò nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 kó tó mọ ooru lò. Láàárín ọjọ́ yẹn, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn á tètè máa jáde, iyọ̀ tó ń bá a jáde á sì dín kù. Kò sí ọ̀nà àbùjá sí i. Ìdí rèé tí gbígbé orí òkè nìkan ò fi tó: Iten ní Kẹ́ńyà àti Addis Ababa ga ju mítà 2,300 lọ, wọ́n ń kọ́ èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń mí, àmọ́ wọ́n tutù, wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ooru. Àwa tí wọ́n bí sínú ooru náà máa ń rò pé a ti bọ́, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ aago márùn-ún ìdájí nìkan lẹ ti ń sáré, tí ẹ sì ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ara yín ò mọ̀ ọ́n.

Omi: ẹ má fò ó, ẹ má sì mu ún yó

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1984 ni àwọn obìnrin kọ́kọ́ sá màrátọ́ọ̀nù nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, ní Los Angeles. Gabriela Andersen-Schiess, ẹni ọdún 39 tó ń sáré fún Switzerland, fo tábìlì omi tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà. Nígbà tó fi máa wọ pápá ìṣeré, ara rẹ̀ ti tẹ̀ sápá kan, apá òsì rọ̀ dirodiro, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti le gan-an bí igi. Ìyípo pápá kan ṣoṣo tó kù gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó parí rẹ̀. Àwọn dókítà sún mọ́ ọn, ó ń yẹ̀ fún wọn, torí tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, òfin ti yọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n rí i pé òógùn ṣì ń jáde lára rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó gba ìlà kọjá ní ipò 37, ó sì ṣubú lé wọn lọ́wọ́.

Títí dòní ni àwọn èèyàn ń fi obìnrin náà ṣe àpẹẹrẹ ìfaradà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kú nínú irú ooru ara bẹ́ẹ̀. Òfin ti yí padà láti ìgbà náà: dókítà lè yẹ̀ yín wò lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n yọ yín kúrò nínú eré. Nítorí náà, ẹ má sá fún wọn. Tí òtútù bá ń mú yín nínú ooru, tí ojú ń ṣú, tí ẹ ò rántí kìlómítà tí ẹ wà mọ́, ẹ dúró. Ìdíje mìíràn ń bọ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà léwu. Ẹni tó ń da omi lásán sínú láìdúró, tó sì pẹ́ lójú ọ̀nà, lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín kù débi tí orí á fi máa fọ́ ọ, tí èébì á máa gbé e, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì ní já gaara mọ́. Ó jọ àìrómimu lójú ẹni tí kò mọ̀, wọ́n á wá tún fún un lómi sí i. Ẹ wọn ara yín lórí ìwọ̀n kí ẹ tó ṣe ìdánrawò gígùn àti lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá wúwo ju bí ẹ ṣe lọ, omi yẹn ti pọ̀ jù.

Tábìlì omi náà lófin tirẹ̀. Ẹ má gba ike omi lọ́wọ́ òǹwòran, ẹ má sì mú ti ẹlòmíràn. Káàdì ìkìlọ̀ ló wà fún ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì sì ni ìyọkúrò. Ẹ má tún já lójijì síwájú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ní ìdíje àgbáyé ti Daegu lọ́dún 2011, ìdí tábìlì omi gan-an ni ẹsẹ̀ Edna Kiplagat àti Sharon Cherop ti kọ́ ara wọn tí Kiplagat fi ṣubú. Ó dìde, ó sì gba wúrà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ṣubú kọ́ ló ń rí agbára dìde.

Oògùn àti nǹkan oṣù

Ẹ má gbé oògùn tí ara yín ò mọ̀ mì nítorí eré. Paula Radcliffe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló yára jù nínú màrátọ́ọ̀nù láàárín gbogbo obìnrin ayé nígbà tó lọ sí Òlíḿpíìkì Athens ní 2004. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó lo oògùn tó ń pa ìrora àti wíwú, oògùn náà da inú rẹ̀ rú, oúnjẹ ò wá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní nǹkan bíi kìlómítà 36, ó ń sunkún. Chepngetich tá a ti ń sọ látòkè náà, wọ́n fòfin dè é fún ọdún mẹ́ta ní 2025 torí oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ̀ tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ó ní ara òun ò yá, oògùn ọmọ ọ̀dọ̀ òun lòun lò. Ìyẹn ò gbà á. Wúrà Doha ṣì jẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo orúkọ rẹ̀ ti yàtọ̀. Tí ẹ bá jẹ́ eléré ìje, kódà tó bá jẹ́ màmá yín ló fún yín ní hóró kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà tó mọ òfin.

Ti nǹkan oṣù, ìtìjú ló ń pa wá. Nínú màrátọ́ọ̀nù Òlíḿpíìkì tí wọ́n sá ní Sapporo lọ́dún 2021, Lonah Salpeter tó ń sáré fún Israel wà nínú agbo iwájú títí dé nǹkan bíi kìlómítà 38, ó ku díẹ̀ kó gba àmì-ẹ̀yẹ. Inú rírun nǹkan oṣù dá a dúró, ó sì ṣe ipò 66. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba, ó sì dára bó ṣe sọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ yín sílẹ̀, ẹ sọ fún kóòṣì yín tó bá tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, kí ẹ jọ mọ bí ọ̀sẹ̀ eré ṣe máa rí.

Ẹ má rò pé eré ti tán lójú yín

Ó lè dà bíi pé èyí tako ohun tí mo sọ nípa ìfarabalẹ̀, àmọ́ kò takò ó. Ní Òlíḿpíìkì Beijing lọ́dún 2008, ojú ọjọ́ ò le. Constantina Diță, obìnrin ẹni ọdún 38 láti Rùmáníà, fi agbo sílẹ̀ nígbà tí eré dé nǹkan bí ìdajì. Àwọn tó kù ń wo ojú ara wọn, wọ́n ń retí kó rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Catherine Ndereba fi ìṣẹ́jú-àáyá 22 dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń ṣọ́ aládùúgbò.

Àkókò ò ní ipò nínú ìdíje yìí. Ipò ni wọ́n ń kà. Ní Tokyo lọ́dún 2025, Peres Jepchirchir fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ju Tigst Assefa lọ. Lẹ́yìn wọn ni Julia Paternain dé, ó gba idẹ fún Uruguay, àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà máa gbà nínú ìdíje àgbáyé eré orí pápá, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ipò kẹta lòun wà. Ká ní ó ti dẹwọ́ ńkọ́? Nígbà tí àwọn tó yára bá ń já sílẹ̀, ẹni ipò 12 ní ìdajì eré lè di ẹni ipò karùn-ún láìfi kún eré rẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán dúró ní kìlómítà 30 àti 35, kó máa ké ipò yín àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín yín àti ẹni iwájú. Òfin ò kà á léèwọ̀ kó kígbe láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kó má kàn gbé omi lé yín lọ́wọ́.