Ẹ yọ ọ̀rá kúrò nínú báàgì yín kẹ́ ẹ tó padà sí Tanzania

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń múra Tanzania, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀rá di ẹrù o, àtọ̀rá dúdú àtèyí tí wọ́n fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nílé. Láti oṣù kẹfà 2019 ni wọ́n ti fòfin dè é níbẹ̀, àlejò náà ò sì yọ sílẹ̀, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kó o sílẹ̀ ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ta ló fẹ́ máa tú bàtà àti pátá sílẹ̀ lójú èrò? Àwa tá a máa ń fọ̀rá wé bàtà tá a tún ń fi òmíràn wé e lórí (ẹ mọ ara yín), aṣọ kanga, ìyẹn ìró àwọn ará ibẹ̀, tẹ́ ẹ rà bọ̀ níjọ́sí ni kẹ́ ẹ fi wé e, tàbí àpò ìrọ̀rí tó ti gbó, tẹ́ ẹ bá dé Kariakoo, ọjà ńlá tó wà ní Dar es Salaam, ẹ ṣáà máa kó ọjà sí i. Ọ̀rá kékeré onísíìpù tẹ́ ẹ kó ọṣẹ ìfọyín àti ìpara sí nìkan ni ò ní wàhálà, àmọ́ ẹ gbé e padà bọ̀ o, ẹ má jù ú síbẹ̀. Ẹni tó bá máa gba Nairobi wọlé, Kenya náà ti fòfin de ọ̀rá láti 2017.